Ẹrù Ni Kí O Kọ́kọ́ Wọ̀n

Ìwọ ọmọ mi tó ń wá pikọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì rà kiri, tí o fẹ́ máa fi kó ọkọ̀ láti ọjà gbàǹjo lọ sí ebúté, jókòó kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó dára lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń rìn lójú títì Èkó àti Ìbàdàn lónìí, orí irú tírélà tí o fẹ́ máa fà yìí ni wọ́n gbà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ebúté Tin Can ní Èkó. Àwọn ọmọ Yorùbá wà ní Houston àti Dallas tó ti fi iṣẹ́ yìí kọ́lé, tí wọ́n ti fi rán ọmọ níléèwé. Àwọn mìíràn sì wà tí iṣẹ́ náà tì sí gbèsè kí ọdún kan tó yí po. Kì í ṣe pé wọn ò rí ẹrù kó. Gíábọ́ọ̀sì ló jẹ wọ́n lówó.

Tí o bá bèèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ nípa ohun tó yẹ kí o ṣe sí gíábọ́ọ̀sì kí ó lè fa ẹrù wúwo, orúkọ páàtì lóríṣiríṣi ni wàá gbọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn tó ń fi pikọ́ọ̀pù sáré ìje. Ohun tí ẹni tó ń sáré ń wá yàtọ̀ sí tìrẹ. Òun fẹ́ kí gíábọ́ọ̀sì gba agbára rẹpẹtẹ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré. Ìwọ fẹ́ kó gba agbára tó mọ níwọ̀n fún wákàtí mẹ́wàá, nínú oòrùn oṣù kẹjọ Texas, pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ. Bí o bá fi owó rẹ ra ohun tí asáréje ń rà, o lè ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kí gíábọ́ọ̀sì náà tún jó.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá le ju bó ṣe wà látijọ́ lọ. Nígbà tí Dodge kọ́kọ́ fi ẹ́ńjìnnì Cummins sínú pikọ́ọ̀pù, nínú ọkọ̀ ọdún 1989, agbára ẹṣin 160 ló ní, tọ́ọ̀kì rẹ̀ sì jẹ́ 400 lórí òṣùwọ̀n pọ́ùn-ẹsẹ̀ tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Tọ́ọ̀kì ni agbára tó ń yí ṣáfútì, òun ló ń ṣí ẹrù nídìí. Nígbà tó fi máa di 2019, Ram, orúkọ tí pikọ́ọ̀pù Dodge ń jẹ́ báyìí, ti ń ta pikọ́ọ̀pù tí tọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ 1,000. Inú gíábọ́ọ̀sì ni gbogbo agbára yẹn ń gbà kọjá lọ sí táyà, inú gíábọ́ọ̀sì náà sì ni ohun gbogbo ti ń bà jẹ́ nígbà tí awakọ̀ ò bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rèé. Nínú gíábọ́ọ̀sì tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, ọ́ìlì ló ń ṣe iṣẹ́ gbogbo. Pọ́ǹpù ń tì í, ọ́ìlì náà á fún àwọn abọ́ kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ kí jíà tó wọlé, òun náà ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì kọjá nínú kọ̀ǹfátà, òun náà ló sì ń kó ooru jáde lọ sí kúlà. Kọ̀ǹfátà ni ohun róbótó tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì. Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, apá ti ẹ́ńjìnnì ń yí yára ju apá ti gíábọ́ọ̀sì lọ, ọ́ìlì tó wà láàárín méjèèjì ni wọ́n sì ń lọ̀ mọ́ra wọn. Ibẹ̀ ni ooru ti ń wá. Tí ọkọ̀ bá ti sáré dé ìwọ̀n kan, kílọ́ọ̀ṣì kan tó wà nínú kọ̀ǹfátà á so apá méjèèjì pọ̀, kí wọ́n lè máa yí bákan náà. Lọ́ọ̀kì-ọ̀pù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Bó bá ti wọlé tó sì dúró ṣinṣin, ìgbóná á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Bí ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì bá wà láàárín dígírì 160 sí 200 Fahrenheit, ara rẹ̀ dá. Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń tún gíábọ́ọ̀sì ṣe ti ń lò tipẹ́tipẹ́: tí ìgbóná bá ti kọjá 175, gbogbo dígírì 20 tó bá tún gùn sókè ń gé ọjọ́ ayé ọ́ìlì sí méjì. Ìṣirò àfojúdá ni, ṣùgbọ́n ibi tó ń tọ́ka sí tọ̀nà. Ọ́ìlì tó ń gbóná jù lójoojúmọ́ ń ṣe bí òróró tí alákàrà ń lò láti àárọ̀ dalẹ́ láìpààrọ̀: ó ń dúdú, ó ń rùn, kò sì lè ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà tó mọ́. Tó bá kọjá 260, àwọn síìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Bí síìlì bá gan, ọ́ìlì á máa jò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú gíábọ́ọ̀sì, prẹ́ṣọ̀ á lọ sílẹ̀, abọ́ kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, yíyọ̀ náà á sì tún bí ooru mìíràn. Láti ibẹ̀, kì í pẹ́ mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ọ pé ẹrù ni kí o kọ́kọ́ wọ̀n kí o tó ra páàtì kankan. Jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ papọ̀. Camry kan ń lọ sí bíi 3,300 pọ́ùn, Highlander a máa ju 4,000 lọ. Ká ní Camry méjì àti Highlander kan lo gbé, o ti ń sún mọ́ 11,000. Tírélà tó lè gbé ọkọ̀ mẹ́ta lè tó 5,000 sí 6,000 fúnra rẹ̀ kí o tó gbé nǹkan kan lé e. Pikọ́ọ̀pù náà, pẹ̀lú ìwọ àti epo inú rẹ̀, wà lókè 8,000. Gbogbo rẹ̀ papọ̀ ti ń lọ sí 25,000 pọ́ùn, èyí tó ju tọ́ọ̀nù 11 lọ.

Òfin wà níbẹ̀ tó ń dúró dè ọ́. Bí ìwọ̀n tó ga jù tí a kọ sára pikọ́ọ̀pù àti sára tírélà bá di 26,001 pọ́ùn papọ̀, tí ti tírélà nìkan sì ju 10,000 lọ, láísẹ́ǹsì awakọ̀ akẹ́rù, ìyẹn CDL, oríṣi A lo gbọ́dọ̀ ní. Kíyè sí i pé ìwọ̀n tí a kọ ni mo wí. Tírélà rẹ lè ṣófo lọ́jọ́ náà, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà á ṣì ka ohun tó wà lára irin rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti san owó ìtanràn nítorí èyí, torí ẹni tó ta tírélà fún wọn kò la ọ̀rọ̀ náà yé wọn.

Lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, wàá rí bébà kan tó sọ iye tí pikọ́ọ̀pù náà lè gbé. Kò sí gíábọ́ọ̀sì tí a tún kọ́, ibi yòówù kí wọ́n ti kọ́ ọ, tó lè yí nọ́ńbà yẹn padà. Férémù, bíréèkì, táyà àti dífù ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, kì í ṣe gíábọ́ọ̀sì nìkan. Tírélà gooseneck, èyí tí a ń so mọ́ inú ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù, a máa gbé ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lé ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù. Bí tírélà àti ẹrù rẹ̀ bá jẹ́ 16,500, bí 3,300 pọ́ùn ló máa jókòó lé ọ lẹ́yìn bí ó bá jẹ́ ìdá 20. Ọ̀pọ̀ pikọ́ọ̀pù 2500 oní-dísẹ́ẹ̀lì ni wọn ò fún láyè láti gba èyí. Tí o bá ti mọ̀ pé ọkọ̀ mẹ́ta mẹ́ta lo fẹ́ máa gbé, 3500 oní-táyà mẹ́rin lẹ́yìn ni kí o rà, kí o má sọ fún ara rẹ pé gíábọ́ọ̀sì alágbára á sọ 2500 di 3500.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í ka sí. Nọ́ńbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń kọ síta gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tírélà tí pikọ́ọ̀pù wọn lè fà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán mọ́. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní J2807, tí Ram bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé fún àwọn pikọ́ọ̀pù ńlá rẹ̀ láti ọkọ̀ ọdún 2015. Lára ohun tó béèrè ni gígun òkè Davis Dam ní Arizona, máìlì 11.4, nínú ooru dígírì 100, ẹ̀rọ amúlétutù wà ní títàn dé òpin. Ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 40 máìlì ní wákàtí kan lọ, tàbí 35 fún oní-táyà mẹ́rin lẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí fà yọ nínú rẹ̀ ni pé gíábọ́ọ̀sì tó bá ọkọ̀ jáde nílé iṣẹ́, tí ara rẹ̀ bá dá, tí o kò bá gbé ju ohun tí a kọ lọ, tí o kò sì fọwọ́ kan agbára ẹ́ńjìnnì, yẹ kó ṣe iṣẹ́ rẹ. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó ń sáré lọ ra àfikún, ìtọ́jú àti kúlà ni wọ́n nílò.

Ó wá kù sọ́wọ́ irú gíábọ́ọ̀sì tí o bá lábẹ́ ọkọ̀. Ti Dodge àti Ram ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, torí òun ni èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa, òun ló sì ń dá wọn lóró jù.

Èyí tó wà nínú àwọn ti 1996 sí 2002 ni 47RE, èyí tó tẹ̀ lé e ni 48RE láti 2003 sí 2007. Jíà mẹ́rin ni méjèèjì ní. Ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn dára débi pé àwọn èèyàn ṣì ń wá wọn títí dòní, ṣùgbọ́n gíábọ́ọ̀sì wọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tún kọ́. Kọ̀ǹfátà wọn fúyẹ́, ìta rẹ̀ lè wú nígbà tí agbára bá pọ̀, kílọ́ọ̀ṣì lọ́ọ̀kì-ọ̀pù inú rẹ̀ á sì máa yọ̀. Láti àárín 2007 ni 68RFE ti dé, oní-jíà mẹ́fà, wọ́n sì ń lò ó títí di ọkọ̀ ọdún 2024. Jíà rẹ̀ dára fún ẹrù, torí àlàfo tó wà láàárín wọn kò jìnnà síra. Ibi tó ti ń ṣàìsàn ni àwọn abọ́ kílọ́ọ̀ṣì overdrive rẹ̀, tí wọ́n ń jó nígbà tí prẹ́ṣọ̀ kò bá tó, àti fáàfù bọ́dì rẹ̀. Fáàfù bọ́dì ni àwo irin tó kún fún ojú ọ̀nà tóóró tí ọ́ìlì ń gbà lọ sí jíà kọ̀ọ̀kan. Bí ojú àwo náà kò bá tẹ́jú mọ́ tàbí tí ihò fáàfù bá ti jẹ, ọ́ìlì tó yẹ kó lọ síbì kan á jò lọ síbòmíràn. Kílọ́ọ̀ṣì á rí prẹ́ṣọ̀ díẹ̀ gbà, á yọ̀, á jó. Oníṣẹ́ tó bá yọ abọ́ tó jó kúrò tó fi tuntun síbẹ̀, tó wá dá fáàfù bọ́dì àtijọ́ padà, kò tíì ṣe nǹkan kan fún ọ.

Láti 2013 ni a ti lè ra Ram 3500 pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì Aisin tí wọ́n ń pè ní AS69RC. Gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ akẹ́rù ni. Nígbà tí tọ́ọ̀kì tí wọ́n fún 68RFE nínú ọkọ̀ ọdún 2019 jẹ́ 850, Aisin ni wọ́n fi sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì oní-1,000. Ìka tó tọ́ símú là á fi í re imú. Bí o kò bá tíì ra ọkọ̀, owó tí o fẹ́ fi tún 68RFE kọ́, fi kún owó ọkọ̀, kí o ra èyí tó ti ní Aisin látilẹ̀wá. Àfikún tó dára jù ni mo ka èyí sí, kò sì sí lórí pátákó oníṣòwò páàtì kankan. Páàtì Aisin wọ́n bó bá bà jẹ́, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í tètè dé ibẹ̀. Ní ọdún 2025, Ram pa méjèèjì tì fún oní-jíà mẹ́jọ, èyí tí owó rẹ̀ ṣì ga ju ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ní ti Chevrolet àti GMC, Allison 1000 ló wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì Duramax láti 2001, oní-jíà márùn-ún, tó di mẹ́fà ní 2006, títí dé 2019. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹrù. Ó ní fílítà kan níta tí o lè yí jáde fúnra rẹ láìtú abọ́ ìsàlẹ̀. Ó sì ní ìwà kan tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní kàyéfì: bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá rí i pé kílọ́ọ̀ṣì kan ń yọ̀, ó máa ń ti ara rẹ̀ sí jíà kan, kò sì ní gbà kí o sáré mọ́. Ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni. Bí ó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀ tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yí padà, gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ti Ford, èyí tó wá láti 2011 sí 2019, 6R140, lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn láti ná owó lé e lórí yàtọ̀ sí ọ́ìlì àti fílítà.

Ó dáa. Ká ní o ti ra ọkọ̀ náà, 48RE tàbí 68RFE ló wà lábẹ́ rẹ̀, o sì ti mọ ìwọ̀n ẹrù rẹ. Níbo ni owó àkọ́kọ́ yẹ kó lọ? Sórí géèjì ìgbóná. Bí ọkọ̀ rẹ bá ti ń fi hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, wá ibi tó wà, kí o sì máa wò ó. Bí kò bá sí, ra ọ̀kan. Ojú ibi tí wọ́n so ó mọ́ ṣe pàtàkì: èyí tó wà nínú abọ́ ìsàlẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó sọ òótọ́, èyí tó wà lójú páìpù tó ń ti kọ̀ǹfátà bọ̀ ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé iná ti dé. Ó máa yà ọ́ lẹ́nu bí nọ́ńbà náà ṣe ń fò sókè nígbà tí o bá ń fi rìfáàsì ti tírélà gun òkè kékeré lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà. Nínú rìfáàsì, kọ̀ǹfátà kì í lọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì ni kò kú lórí òkè Colorado rárá, nínú ọgbà ọjà gbàǹjo ni wọ́n ti jó wọn.

Lẹ́yìn géèjì, kúlà. Kúlà tó tóbi, tó wà níwájú radiétọ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i dáadáa, pẹ̀lú páìpù tó ní inú gbígbòòrò. Bí o bá ní Ram tó wà láàárín 2013 sí 2018, ní kí wọ́n yẹ fáàfù kékeré tó ń pinnu ìgbà tí ọ́ìlì máa lọ sí kúlà wò, torí bí ó bá lẹ̀ mọ́ra, kúlà tó dára jù láyé kò ní rí ọ́ìlì tó máa mú tutù. Abọ́ ìsàlẹ̀ jíjìn tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe dára, ó ń fi ọ́ìlì kún ti inú, ó sì ní bóótì ìdàjáde tí abọ́ àtijọ́ 47RE àti 48RE kò ní. Má kàn rò pé ó lè dípò kúlà. Ọ́ìlì tó pọ̀ sí i á pẹ́ kó tó gbóná, á sì pẹ́ kó tó tutù.

Lórí ọ́ìlì fúnra rẹ̀, má dá ọgbọ́n kankan. ATF+4 ni ti 47RE, 48RE àti 68RFE. Aisin ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, kì í ṣe ATF+4. Allison 1000 fẹ́ èyí tó bá ìlànà TES 295 mu. Mercon LV ni ti 6R140. Ìgò tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó dára fún gbogbo ọkọ̀, fi í sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Ẹni tó ń fa ẹrù lójoojúmọ́ kò sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọjọ́ ìpààrọ̀ tí wọ́n kọ fún ẹni tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé. Ìwé ọkọ̀ náà ní ti iṣẹ́ líle lọ́tọ̀. Ìyẹn ni tìrẹ.

Wo dífù ẹ̀yìn pẹ̀lú kí o tó tú gíábọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ra pikọ́ọ̀pù tí ẹni àkọ́kọ́ ti fi táyà gíga sí, torí ó wù wọ́n lójú. Bí ìṣirò jíà dífù bá jẹ́ 3.73, tí táyà sì ti kúrò ní ínṣì 32 lọ sí 35, bí ẹni tó ní 3.41 lo ṣe ń fa ẹrù nísinsìnyí. Ẹ́ńjìnnì á máa tiraka, gíábọ́ọ̀sì á máa pààrọ̀ jíà sókè sódò, lọ́ọ̀kì-ọ̀pù á máa já, ooru á máa pọ̀. Dá táyà padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Bí dífù rẹ bá sì jẹ́ 3.42, pípààrọ̀ rẹ̀ sí 4.10 ń fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára tó ń dé táyà ní jíà kọ̀ọ̀kan. Kò gbayì lójú àwọn èèyàn bíi kí o sọ pé o ti tún gíábọ́ọ̀sì kọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí ọkọ̀ tí kò tún ní ìṣòro ooru mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí o bá ti ṣe gbogbo èyí, tí kílọ́ọ̀ṣì ṣì ń yọ̀, tàbí tí gíábọ́ọ̀sì ti gbó, àsìkò tó láti tú u. Kọ̀ǹfátà àti fáàfù bọ́dì ni kí o dojú kọ, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹfátà tó ní ìta irin tí wọ́n gbẹ́ láti odindi irin, èyí tí kò lè wú, ni kí o béèrè fún. Wọ́n á bi ọ́ pé ṣé abọ́ lọ́ọ̀kì-ọ̀pù kan lo fẹ́ ni àbí mẹ́ta. Bí o kò bá fọwọ́ kan agbára ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan tó dára tàbí méjì ti tó. Mẹ́ta a máa gbo ọkọ̀ bó bá ń wọlé, ó sì wọ́n. Bèèrè pẹ̀lú nípa stall rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n eré tí ẹ́ńjìnnì lè sá kí kọ̀ǹfátà tó dì í mú. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìje lè ga, kí tọ́bò lè tètè jí. Fún ẹrù, èyí tó wà nísàlẹ̀ ni kí o mú, torí gbogbo ìyípo tó ga ju bó ṣe yẹ kí kọ̀ǹfátà tó mú, ooru ló ń dà. Kọ̀ǹfátà tó bá ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ mu, ẹni tó mọṣẹ́ á bi ọ́ léèrè ẹrù, dífù, táyà àti òkè tí o ń gùn kó tó yàn án. Ẹni tí kò bi ọ́ ní ìkankan nínú wọn, jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Abọ́ kílọ́ọ̀ṣì tó pọ̀ sí i àti ṣáfútì ìwọlé tó le, ìyẹn wà fún ẹni tó ti gbé tọ́ọ̀kì ga. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àtúntò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì á dé etí rẹ, torí ó rọrùn, ó sì máa ń mú orí awakọ̀ wú. Ẹrù kò fẹ́ ẹ. Ẹ́ńjìnnì tó ti ní tọ́ọ̀kì 800 tàbí 850 ti lágbára ju ohun tí òfin jẹ́ kí o fà lọ. Àwọn tó ń yọ àsẹ́ èéfín àti àwọn ohun ìdènà ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò pẹ̀lú rẹ̀ ń ṣe ohun tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ̀, wárántì wọn sì lè bá a lọ. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ wá owó ni ọ́, o sì ń lọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú nọ́ńbà USDOT lára ilẹ̀kùn rẹ. Má fi ẹnu ọ̀nà oúnjẹ rẹ dán ìyẹn wò.

Ọ̀rọ̀ gíábọ́ọ̀sì àlòkù wà níbẹ̀ náà. Nílé, Ládípò ní Muṣin la mọ̀: gíábọ́ọ̀sì bà jẹ́, a ra tòkunbọ̀ mìíràn, wọ́n gbé e wọlé, ó parí. Fún Camry tó ń gbéni lọ síbi iṣẹ́, ọgbọ́n ni. Fún pikọ́ọ̀pù tó ń fa 16,000 pọ́ùn, má ṣe bẹ́ẹ̀. 68RFE tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó kọlu nǹkan, iṣẹ́ kan náà ló ti ń ṣe, fáàfù bọ́dì kan náà ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mọ bí ìgbóná rẹ̀ ṣe ga tó nígbà ayé rẹ̀.

Lọ́dọ̀ ẹni tó máa tún un kọ́, ohun kan ni mo fẹ́ kí o dúró tì títí wọn ó fi ṣe é. Nígbà tí gíábọ́ọ̀sì bá jó, èéfọ́ irin àti abọ́ kílọ́ọ̀ṣì á bá ọ́ìlì lọ sínú kúlà, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé gíábọ́ọ̀sì tuntun wọlé láìfọ kúlà àti páìpù rẹ̀, tàbí láìpààrọ̀ rẹ̀, ìdọ̀tí yẹn á padà wá sínú tuntun, á di ihò fáàfù, yóò sì tún pa á. Ọmọkùnrin kan tí mo mọ̀ san owó gíábọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì nítorí èyí nìkan. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé a ti pààrọ̀ kúlà tàbí pé a ti fọ̀ ọ́ mọ́. Fún 68RFE, béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tó máa jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tún kọ́ bí kílọ́ọ̀ṣì tuntun ṣe ń gba ọ́ìlì sí. Bí wọn ò bá ṣe é, ó máa máa wọ jíà bí ẹni pé àwọn abọ́ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, á sì lè ba èyí tí o fi owó ńlá rà jẹ́.

Ìwakọ̀ kù, mo sì mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Tẹ bọ́tìnnì tow/haul láti ìgbà tí tírélà bá ti wà lẹ́yìn rẹ. Ó ń dá jíà dúró pẹ́, kò sì ní jẹ́ kó máa fò lọ fò bọ̀. Nígbà tí o bá ń gun Raton Pass láàárín New Mexico àti Colorado, tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7,800 lọ, tàbí òkè tó lọ sí ihò Eisenhower lójú I-70, tó ju 11,000 lọ, sọ̀kalẹ̀ sí jíà tó wà nísàlẹ̀ fúnra rẹ kí ọkọ̀ tó sọ ọ́, kí lọ́ọ̀kì-ọ̀pù má baà já. Máa bá àwọn akẹ́rù yòókù lọ lápá ọ̀tún. Nígbà tí o bá ń sọ̀ lódìkejì, bíréèkì èéfín ló máa dì ọ́ mú, àti pé inú kọ̀ǹfátà tó lọ́ọ̀kì ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà ni lọ́ọ̀kì-ọ̀pù tó ń yọ̀ kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ó lè jẹ́ kí ẹrù tó wà lẹ́yìn rẹ máa tì ọ́ lọ.

Bí géèjì bá kọjá 220, dín eré kù. Bí ó bá dé 240, wá ibi tó tẹ́jú kí o dúró. Má pa ẹ́ńjìnnì. Nínú àwọn Dodge àtijọ́ oní-47RE àti 48RE, ọ́ìlì kì í lọ sí kúlà nígbà tí jíà bá wà ní Park, àfi tí wọ́n bá ti yí fáàfù bọ́dì padà. Fa bíréèkì ọwọ́, fi igi tàbí rọ́bà ti táyà, kí o fi í sí Neutral, kí o jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí bíi 1,200 títí nọ́ńbà á fi sọ̀kalẹ̀. Nínú Neutral náà ni o ti máa wọn ọ́ìlì wọn, nígbà tí ó gbóná tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ní Park máa rí nọ́ńbà tí kì í ṣe òótọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé gíábọ́ọ̀sì tuntun náà fún ọ, má so gooseneck mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Wà á lófìfo láàárín ìlú, níbi tó ti máa pààrọ̀ gbogbo jíà sókè sódò lọ́pọ̀ ìgbà, kí o sì bèèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ náà iye máìlì tó fẹ́ kí o fi ṣe bẹ́ẹ̀. Wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò. Yẹ ọ́ìlì wò nígbà tó bá gbóná. Lẹ́yìn náà, gbé ọkọ̀ kan lé tírélà, kì í ṣe mẹ́ta, kí o gba ọ̀nà tó tẹ́jú lọ sí Galveston, kí o máa wo géèjì, kí o sì kọ nọ́ńbà tó dúró lé sílẹ̀ sínú ìwé.